Ihò Tí Ohùn Bàbá Gbà Jáde

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Keje, 2016

Lọ́la ni Màmá mi ń padà sí Iléṣà. Láti Sátidé tí mo ti ra tẹlifíṣọ̀n ńlá yìí pẹ̀lú sípíkà rẹ̀, fídíò ọjọ́ìbí Bàbá ń fi àwòrán hàn, kò kàn dún ni. Màmá kò sì tíì gbọ́ ohùn Bàbá láti ìgbà tí a ti sin ín.

Lónìí, láti ibi iṣẹ́, mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi ní àdúgbò Newtown nílùú tí mò ń gbé yìí. Ó tún bẹ̀rẹ̀: 4K, HDMI, ARC. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe?"

"Eish, sisi! 4K, kí àwòrán lè mọ́ kedere ni. HDMI ni wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn. Ihò tí wọ́n kọ ARC sí nìkan ló ń dá ohùn padà sí sípíkà. Ihò wo lẹ ki wáyà náà bọ̀?"

Èkíní ni. Mo rò pé èkíní ló máa dára jù. Mo kàwé òwò, n kò ka ìwé pélébé inú páálí. Ọjọ́ márùn-ún ṣòfò.

Mo délé, mo yí wáyà náà sí ihò ARC. Bàbá pariwo nínú fídíò: "Àbẹ̀kẹ́! Omi dà?"

"Mò ń bọ̀, Bàbá Fúnkẹ́," ni Màmá dáhùn láti kíṣìnnì. Ó ti bu omi sínú ife kó tó rántí.

Ó jókòó, ó gbé ife náà lé itan. "Fúnkẹ́, pa àwòrán yẹn. Ohùn ẹ̀ ti tó mi."

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa àwòrán kí ohùn ṣẹ́kù. Mo fi ìborùn rẹ̀ bo gbogbo 4K náà.