Àgbàlagbà Tí Kò Gbé Ìbọn

Dádì mi ọ̀wọ́n, ọdẹ tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà igbó,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa ń kí òkú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má rí àgbà kí n má kí i. Mo ti kí yín. Ó yá, ẹ jókòó dáadáa, nítorí ìròyìn tí mo gbé wá yìí, bí a bá gbé e lé erin lórí, erin á kúnlẹ̀.

Mo ti gba láísẹ́ǹsì ọdẹ mi. Èmi náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ní kò ní gbà á láéláé. Ó wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo ti fi han gbogbo Lanham, ó ku ààrẹ Amẹ́ríkà nìkan. Ajá àwọn ará ilé kejì nìkan ló bá mi yọ̀.

Ṣé ẹ rántí kíláàsì tí a jọ lọ nígbà òtútù tó kọjá? Pé òfin ìpínlẹ̀ yìí ò ní fún ọmọdé ní láísẹ́ǹsì àfi tó bá kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ìbọn, tó sì yege ìdánwò? Ẹ jókòó tì mí láàárín àwọn òyìnbó onírùngbọ̀n, ẹ ṣì wọ kóòtù iṣẹ́ tí ẹ fi ń ru ẹrù ní Beltsville, ẹ sì ń bó ẹ̀pà nínú àpò kí olùkọ́ má baà rí yín. Ó rí yín o. Gbogbo wa la gbọ́ èèpo ẹ̀pà yẹn.

Olùkọ́ wá débi Sátidé kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú oṣù kọkànlá fún àwa ọmọdé, kí àwọn àgbà tó gbé ìbọn jáde. Ó ní ọmọdé tó bá ti kọjá ọdún mẹ́rìndínlógún ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní ọmọ ló máa gbé ìbọn, àgbàlagbà kan á sì tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà yẹn gbọ́dọ̀ ti pé ọdún mọ́kànlélógún, kó ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀, kó má gbé ìbọn kankan dání, kó sì wà nítòsí débi pé ọwọ́ rẹ̀ á tó ìbọn ọmọ náà bí nǹkan bá fẹ́ yíwọ́.

Ẹ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi dà sílẹ̀. Ẹ ní ní Ìsẹ́yìn, bàbá yín ló ń lọ níwájú tòun tìbọn, ẹ̀yin lẹ ń gbé àpò tẹ̀ lé e títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n yín. Ẹ ní òyìnbó ti dorí ọdẹ kodò. Ìgbà tí a dénú mọ́tò lẹ wá ní kò burú náà, pé bàbá yín kò rí ẹ̀yìn yín rí nínú igbó, pé ẹ̀yin máa rí tèmi. Lẹ́yìn náà lẹ wá ní kí n má gbàgbé o, nílé yín, ẹran tí ọmọ bá kọ́kọ́ pa, ọrùn rẹ̀, ti ẹni tó dúró tì í ni. Mi ò tíì rí ẹran, ẹ ti gba ọrùn sílẹ̀!

Ẹ wá ṣubú sáàárín páálí lẹ́nu iṣẹ́ kí oṣù kọkànlá tó dé, ẹ ò sì dìde mọ́. Mọ́mì wà ní ọsibítù tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó ń tọ́jú bàbá ẹlòmíràn. Kí ló ń kán yín lójú, Dádì? Ẹ ò lè ní sùúrù fún Sátidé kan ṣoṣo?

Inú bí mi débi pé mo bá yín jà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta láísẹ́ǹsì. Ọkùnrin tó wà ní káńtà bi mí pé ta ni àgbàlagbà tó máa tẹ̀ lé mi.

"Bàbá mi ni."

"Ṣé ó ti pé mọ́kànlélógún?"

"Ó ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́."

"Ṣé ó ní láísẹ́ǹsì?"

"Ó ní in."

"O mọ̀ pé kò gbọdọ̀ gbé ìbọn?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò lè gbé nǹkan kan mọ́. Ibojì ló wà."

Mo rò pé á lé mi jáde. Ó kàn ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó wá ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìbọn." Ó ta láísẹ́ǹsì fún mi, ó ní kí n lọ wá ẹni tó wà láàyè kí Sátidé yẹn tó dé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá alààyè kiri. Mo rò pé kò ní le. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó bá ro ìyà, tó bá pẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ, síbẹ̀ ẹ̀yin ni ẹ máa ń gbé ẹran àgbọ̀nrín dé ẹnu ọ̀nà gbogbo èèyàn láti Adelphi dé ibí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ti jẹ ìyà tí igbó fi jẹ yín! Bàbá Táyọ̀, wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo kọ́kọ́ lọ bá, torí odindi itan lẹ máa ń gbé fún un lọ́dọọdún, ẹ̀yin lẹ sì mú un lọ gba láísẹ́ǹsì nígbà tó ní òun náà fẹ́ ṣọdẹ, kí òtútù tó lé e padà sínú mọ́tò.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ta ló rán ẹ níṣẹ́ ọdẹ? Obìnrin kì í ṣọdẹ."

"Ẹ má bínú, sà. Ọkùnrin ńkọ́, ṣé ó máa ń jẹ itan ọdọọdún kó má lè dúró lẹ́yìn ọmọdé?"

"Ẹnu ẹ yìí ló máa pa ẹ́."

"Ẹnu ò nílò láísẹ́ǹsì, sà."

Ó sọ fún Mọ́mì kí n tó délé. Mọ́mì ò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn fa ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ yọ kí n rí i: kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn yín wà lórí rẹ̀, ó ń gbá àgbélébùú rẹ̀. Ó ní ìbọn yẹn ò ní jáde mọ́ àfi tí ẹni tó máa rà á bá dé. Mo ní kó kúkú ta èmi náà. Ó ní ta ló máa rà mí pẹ̀lú irú ẹnu yìí?

Ẹ gbọ́, mi ò jalè, mi ò fọ́ àpótí. Fìríìsà ni mo ṣí. Ẹran yín tó kù wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí ẹ dì sínú ọ̀rá. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Mọ́mì kàn ń sún un sọ́tùn-ún sósì tó bá ń wá ẹ̀fọ́, kò sè é, kò sì jù ú nù. Ọjọ́ Sunday ìkórè pé, iṣẹ́ àárọ̀ ni Mọ́mì wà, ó ní kí n se ọbẹ̀ tí ilé wa máa gbé lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi ẹran yín sè é. Gbogbo rẹ̀.

Dádì, òórùn ọbẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jí yín. Àwọn èèyàn tò bí ìgbà tí wọ́n ń gba físà. Èmi ni mo ń bu oúnjẹ. Gbogbo ẹni tí mo ti bẹ̀ tó ní òun ò lè bá mi lọ, omi ọbẹ̀ nìkan ni mo bù fún.

"Ọmọ mi, ẹran ńkọ́?"

"Ó wà nínú igbó, mà. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ mú un."

Bàbá Táyọ̀ tò lẹ́ẹ̀kejì, ó mú abọ́ tó tóbi jù ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fún un ní omi ọbẹ̀ tó pọ̀ jù ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo ẹran yẹn, inú abọ́ kan ṣoṣo ló wà, mo dé e, mo gbé e sórí àga tó ṣófo. Nígbà tí Mọ́mì wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, mo gbé e fún un. Ó ṣí i, òórùn lù ú nímú, ó sì mọ̀. Ó jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró.

Mo rò pé mo kú. Nínú mọ́tò, níbi iná pupa, ló bú jáde.

"O rò pé ìbọn kàn ń bà mí lẹ́rù lásán? Ọmọ tó tó ẹ ni wọ́n ń tì wọlé wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ihò kékeré níwájú, ihò ńlá lẹ́yìn. Èmi ni mo máa ń fi ìka wá a lọ́rùn wọn bóyá ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. Èmi! Kì í ṣe Bàbá Táyọ̀."

"Mọ́mì, ti Dádì kọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Pa ẹnu ẹ mọ́."

Iná ti di àwọ̀ ewé, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mọ́mì ò mira.

"Kò sí àlejò kankan tó máa dúró lẹ́yìn ọmọ mi tó gbé ìbọn. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe kíláàsì ọ̀hún?"

Dádì, Mọ́mì lọ! Ó ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ sí kíláàsì, ó jókòó síwájú pátápátá, ó bi olùkọ́ ní ìbéèrè títí ọkùnrin náà fi ń fi aṣọ nu ojú. Ó yege, ó ra láísẹ́ǹsì tirẹ̀, máàkì tó gbà sì ju tèmi lọ. Ẹ má bi mí léèrè iye tó fi jù ú.

Sátidé wa dé, Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló sì fi kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ ṣí àpótí ìbọn. Oko bàbá arúgbó tó máa ń gbà yín láyè nísàlẹ̀ káúntì, níbi ahéré tábà àtijọ́ yẹn, la lọ. Ó ń wo ẹ̀yìn wa, ó ń wá yín, ó ní ọ̀gá dà. Mọ́mì ní, "Èmi ni ọ̀gá lónìí." Ọkùnrin yẹn ṣí fìlà rẹ̀ fún un.

Ẹ ò bá rí Mọ́mì. Ó de fìlà aláwọ̀ ọsàn yín lé ìborùn, ó wọ swẹ́tà lé swẹ́tà, ó sì fi rọ́bù para láti imú dé orúnkún. Àgbọ̀nrín tó wà ní Virginia ti ń sín! Mo kọ́kọ́ kí igbó bí ẹ ṣe máa ń kí i, mo ní àgò o. Mọ́mì tó wà lẹ́yìn mi dáhùn pé àmín. Mo fi itọ́ ra àtàǹpàkò mi bíi tiyín, mo nà án sókè, ẹ̀yìn wa ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ lọ sínú igbó.

"Mọ́mì, òórùn rọ́bù yín ti ń lọ jíṣẹ́ fún àwọn ẹran."

"Kí òtútù wá pa mí?"

"Ẹ jẹ́ ká yí sí òdìkejì."

"Máa lọ, mo wà lẹ́yìn ẹ."

A yí. A jókòó títí mi ò fi mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi ṣì jẹ́ tèmi. Àgbọ̀nrín kan wá jáde lẹ́bàá ahéré, ó tóbi tó bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Ó dáa, ó tó ewúrẹ́ ńlá. Òfin ní kí ọwọ́ Mọ́mì tó ìbọn. Èmi ni ọwọ́ rẹ̀ tó. Ó di ẹ̀wù mi mú lẹ́yìn bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, kò fà mí, kò tì mí. Mo dúró títí àgbọ̀nrín náà fi yí ìhà sí mi, bí ẹ ṣe ní kí n máa ṣe. Mo yìnbọn.

Ó sáré díẹ̀, ó ṣubú. Mọ́mì gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó tú ọta inú rẹ̀ jáde bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. A dúró, a wò ó dáadáa kí a tó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀ nínú ewé, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó sì fi ìka méjì kan ọrùn ẹran náà. Kò sí ọdẹ kankan láyé yìí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ti lọ," ló wí. Nígbà tó yá, ó ní, "Mi ò sí níbẹ̀."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹran ló ń bá wí.

"Mọ́mì, ẹ wà níbí."

Bàbá Táyọ̀ ti fóònù. Ó ní òun gbọ́ pé Ọlọ́run ṣe é, ìgbà wo ni kí òun wá gba itan òun. Mo ní ẹni tí kò bá dúró lẹ́yìn mi kò ní jẹun níwájú mi. Mọ́mì ní kí n bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo tiẹ̀ kúnlẹ̀ sídìí fóònù. Ṣùgbọ́n itan ò kúrò nínú fìríìsà wa.

Lọ́dún tó ń bọ̀, màá ti kọjá ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Òfin ní mo lè dá lọ. Mo sọ fún Mọ́mì. Ó ní òfin kọ́ ló bí mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọrùn. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbà á sílẹ̀. Mo dì í sọ́tọ̀ fún yín, mo sún un sọ́tùn-ún sósì nínú fìríìsà bí Mọ́mì ṣe ń ṣe. Lánàá ni mo gbé e jáde. Mo fi ata sí i dáadáa, mo gbé e ka iwájú Mọ́mì, mo sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ẹ lè bínú. Ọjọ́ orí yín pé, ẹ ní láísẹ́ǹsì, ẹ ò sì gbé ìbọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ò tó mi mọ́, Dádì. Ti Mọ́mì ló tó mi.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín ju ẹran lọ, tí ẹnu rẹ̀ kò sì nílò láísẹ́ǹsì.