Ohùn Dádì Nínú Ihò Bàbà

Ẹ̀gbẹ́ Málù Róòdù,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Èkó.
18 Oṣù Kẹjọ, 2024.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọlábímtán,

Báwo ni Ìlọrin? Ṣé òjò ò ká yín mọ́lé? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí. Èmi àti Dádì ti dé láti Sáńbíà láyọ̀. Mo mọ̀ pé inú rẹ ò dùn nígbà tí mo mú wọn lọ. O ní àgbàlagbà tó ń ṣọ̀fọ̀ ò gbọdọ̀ rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, jókòó kí o ka èyí.

Bọ̀dá Ṣayọ̀, àbúrò Dádì tó gbà wá lálejò, ló mú wa lọ síbi ìwakùsà àtijọ́ kan tí wọ́n ti sọ di ọgbà ìtàn. Láti ẹnu ọ̀nà lẹnu ti ń yà mí. Táyà ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ kan wà níta tó ga ju Dádì lọ! Gbogbo tírélà Àpápá tí a fojú wọn dàgbà, ọmọdé ni wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Patrick, ọkùnrin kan tí kò jù mí lọ, tó ti wa bàbà rí kó tó di amọ̀nà, fún wa ní akoto, ó sì mú wa sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò. Otútù ibẹ̀, Ọlábímtán! Omi ń kán láti òkè. Ó tan iná sára òkúta, mo sì rí bàbà náà tó là gba inú àpáta kọjá, àwọ̀ ewé níbì kan, níbòmíràn ó ń dán bí epo pupa. Dádì gbé ọwọ́ lé e.

“Ẹ̀rínọlá,” wọ́n ní, “gbogbo wáyà tí mo ti ń wé sínú jẹnẹrétọ̀ ní Málù Róòdù, ṣé inú òkùnkùn báyìí lèèyàn ti ń wa bàbà rẹ̀ jáde?”



Patrick ní òun máa pa iná, kí a lè mọ irú òkùnkùn tó wà níbẹ̀ gan-an. Ó pa á. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Ibi tí mo ti ń táràrà wá ọwọ́ Dádì ni mo ti gbọ́ orin kan, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Orin tí Mọ́mì fẹ́ràn jù ni. Dádì ló ń kọ ọ́!

Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti sin Mọ́mì, wọn ò la ẹnu kọrin mọ́, àní ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn wọn ń lọ sínú ihò, àpáta ń dá a padà, ó wá dà bí ẹni pé ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń gbè é. Irun ara mi dìde. Wọ́n kọ gbogbo ẹsẹ rẹ̀ tán.

Nígbà tí iná tàn, Patrick ti ṣí akoto lórí, ó gbé e sáyà.

“Ẹ̀gbọ́n mi kú síhìn-ín,” ló sọ. “Kò tíì sẹ́ni tó kọrin fún un nísàlẹ̀ yìí rí.”

Dádì na ọwọ́ sí i. Wọ́n di ara wọn mú, àwa yòókù ń wolẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ejiro, ará ilé wa, ní kí n kí ọ. Tí o bá pe Dádì nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí wọn ò gbé e, má fòyà. Ìdánrawò akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n lọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ,
Ẹ̀rínọlá.