Ìyá Ẹ-Ṣí-Aṣọ: Ìgbésí Ayé Olóògbé Àwáwù Mọ́rìnọ́lá Àjàgbé (1914–1986)

Ìwéré-Ilé ni a bí olóògbé Àwáwù Mọ́rìnọ́lá sí ní nǹkan bí ọdún 1914. Fàsásì, àgbẹ̀ oníṣu, ni baba wọn. Ọmọ́ládé, tí ó ń gbin òwú sí etí oko ọkọ rẹ̀, ni ìyá wọn. Màmá kò lọ sí ilé ìwé. Ilé kéú ni wọ́n lọ, wọ́n sì kà á débi tí wọ́n fi lè kírun láìsí ẹni tí ń tọ́ wọn sọ́nà. Lọ́dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń ran òwú.

Ní 1933, wọ́n di ìyàwó Mùstàfá Àjàgbé, ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn. Ọkọ ń hun, ìyàwó ń ran òwú, fọ́nrán kan kò sì gbọdọ̀ ṣòfò nínú ilé náà. Ọlọ́hun fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Ládòkun, Fàtímọ̀, àti Abíọ́nà tí wọ́n bí sí ọ̀nà Tẹ̀dé nígbà tí wọ́n ń ti ọjà òwú bọ̀.

Nínú ọyẹ́ ọdún 1948, ibà mú Abíọ́nà. Ọmọ náà ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó ń ké pé òtútù ń pa òun. Ilé aláṣọ ni ilé náà: wọ́n fi kíjìpá nínípọn wé e, wọ́n tún fi òmíràn lé e, wọ́n sì dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Gìrì gbé e kí oòrùn tó wọ̀. Kò jí mọ́. Màmá kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò ran òwú kíjìpá mọ́ láyé wọn.

Baba Ládòkun, ọkọ wọn, dágbére fáyé ní 1969. Ní 1974, ara Mọ́ládé, ọmọbìnrin Fàtímọ̀, gbóná. Màmá fi aṣọ òfì wé e pinpin, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan, Olúwakẹ́mi, pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

“Màmá, ẹ ṣí aṣọ yìí kúrò.”

“Ọmọ tí òtútù ń mú? Ta ló bí ìyá ẹ̀, èmi tàbí ìwọ?”

“Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i, kí gìrì má baà gbé e.”

Orúkọ gìrì ni Màmá gbọ́ tí wọ́n fi ṣí aṣọ náà. Nọ́ọ̀sì náà ń fi omi nu ọmọ lára, ó sì ń ṣàlàyé. Ó ní ara ní ẹ̀ṣọ́ tí ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí àrùn bá wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí a fi àrokò rán ẹ̀jẹ̀ sí ọpọlọ. Bí ọpọlọ bá ti gba àrokò, a ní kí ara gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó lè bá àrùn jà. Bí ara kò bá tíì gbóná dé ibi tí ọpọlọ ní kó dé, òtútù ni aláìsàn ń rò pé ó ń mú òun. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbọ̀n, tí ó sì ń bèèrè aṣọ.

“Nígbà náà, ta ló ń purọ́? Ara ni àbí ọpọlọ?”

“Kò sẹ́ni tó ń purọ́, mà. Ibà kọ́ ni olè. Ibà ni igbe tí onílé ń ké pé olè dé.”

 Màmá wá bèèrè pé, “Èyí tí a fi kíjìpá wé títí gìrì fi gbé e ńkọ́?”

Olúwakẹ́mi kò wojú wọn. “Àìsàn ló pa á, Màmá. Ṣùgbọ́n aṣọ yẹn kò ràn án lọ́wọ́.”

Mọ́ládé yè. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná ní àdúgbò tí Màmá kò ní wọ ilé rẹ̀. “Ẹ ṣí aṣọ! Ẹ fún un lómi! Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ wá olè!” Ibẹ̀ ni orúkọ Ìyá Ẹ-Ṣí-Aṣọ ti wá. Ràsáàkì, àbúrò ọkọ wọn, a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nídìí òfì: “Ìyàwó wa, bí ẹ bá lé aṣọ kúrò lára gbogbo ayé, kí ni kí àwa tí à ń hun ún máa jẹ?” Màmá a dá a lóhùn pé, “Ẹ máa hun ti àwọn tí ara wọn dá.” Nínú ẹgbẹ́ àsàlátù pàápàá, bí àdúrà bá ti parí, ọ̀rọ̀ ibà ló kàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986 yìí, ikọ́ díẹ̀ mú Màmá, oúnjẹ kò sì wù wọ́n. Fàtímọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn wọn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. “Ara yín tutù, Màmá. Ẹ ti ń gbádùn.” Wọn kò gbọ̀n, wọn kò bèèrè aṣọ. Gbogbo ilé yọ̀, oníkálùkù sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí èémí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú ni a tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Òtútù àyà ni, ó sì ti jìnnà. Dókítà ní àrokò ẹ̀jẹ̀ arúgbó kì í lágbára mọ́, ọpọlọ kì í sì í tètè dáhùn. Àrùn lè gba ilé tán kí ara má gbóná rárá.

Màmá gbọ́ ọ. Wọ́n rọra di Fàtímọ̀ lọ́wọ́ mú. “Má sunkún. Olè wọlé, onílé kò ké. Kí ni ọwọ́ tìrẹ ì bá gbọ́?”

Wọ́n jáde láyé ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbá. Ládòkun gbé aṣọ òfì tí ó dára jù nínú èyí tí ó hun wá. A dá a padà, a sì fi aṣọ funfun lásán sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí.

Wọ́n fi Ládòkun àti Fàtímọ̀ sáyé lọ, àti Mọ́ládé pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ mìíràn, àti ọ̀pọ̀ ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọn kò bí.

Ẹ sinmi, Màmá. Òtútù kò ní mú yín mọ́, ooru kò sì ní mú yín. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹ tún fi ọwọ́ kan Abíọ́nà. Kí Ó fi àánú Rẹ̀ bò yín mọ́lẹ̀. Aṣọ yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni kò ní ṣí.