Irúgbìn Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún ìyá wa ti fúyẹ́. Wọ́n tún ti ń bú gbogbo wa láràárọ̀. Màlúù dúdú ti bímọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sọ́rọ̀ mi. Ewé tí à ń gbìn fún màlúù láti jẹ, tó hù látinú irúgbìn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti ní àmì pupa rúsúrúsú, ó sì ń ká kò. Onímọ̀ ọ̀gbìn já ọ̀kan wò, ó ní, "Fáírọ́ọ̀sì ni. Inú irúgbìn ló bá wá. Kòkòrò wẹ́wẹ́ ń gbé e lọ sára ata àti ẹ̀wà. Kò gbóògùn."

Mo tu gbogbo rẹ̀, mo dáná sun ún. Àmọ́ ìyá ti bù nínú irúgbìn náà fún opó tó múlé tì wá. Mo sáré lọ bá a. Kí n tó lanu, ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín o! Mo ti pín in fún ilé mẹ́rin." Mo ní màá jíṣẹ́ ọpẹ́ náà, mo bá padà sílé.

Ẹ má fi òmíràn ránṣẹ́ mọ́. Ẹ bá mi sọ fún ìyá kí wọ́n má pín in mọ́, tiyín ni wọ́n ń gbọ́. Ọlọ́run á ṣọ́ yín níbẹ̀.

Opó náà ló ń kanlẹ̀kùn yìí. Mo rí i lójú fèrèsé, ó mú ewé ẹ̀wà tó ti ká kò lọ́wọ́.

Èmi àbúrò yín.