Wáyà Ẹ̀yìn Ibùsùn Màmá

Ọjọ́bọ̀, Ayétòrò



Mo kọ́ kíláàsì mi lónìí pé tí a bá fi áńpù sọ fọ́ọ̀tì di púpọ̀, wáàtì la máa rí. Ilé wa ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ: fọ́ọ̀tì 220, kẹ́tùlù ń fa áńpù mẹ́wàá, áyọ́ọ̀nù ń fa márùn-ún. Wọ́n ní wáàtì 3,300. Mo yìn wọ́n.

Rọ̀kíbà bá nawọ́. "Àǹtí, wáyà wo ló ń gbé gbogbo ẹ̀?"

Mo rántí ilé wa. Tí iná bá ti dé báyìí, ara ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ibùsùn màmá mi la máa ń ki gbogbo nǹkan bọ̀, kí wọ́n tó tún mú iná lọ. Áńpù mẹ́wàá péré ni wọ́n kọ sí i lára.

Mo gun ọ̀kadà sáré délé. Màmá ń lọ aṣọ, kẹ́tùlù ń hó. Mo fa ibùsùn kúrò lára ògiri. Wáyà ti yọ́, etí fóòmù ti dúdú.

Màmá ní, "Ó ti ń rùn láti ọjọ́ Àìkú. Mo ṣe bí ọbẹ̀ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé ló ń jóná ni."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò yìí. Mi ò ṣe é fún ìyá mi rí.