Àwọn Àwo Tí Mo Hú Nílẹ̀

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti ń gbọ́ oògùn.

Ojú ń tì mí. Ọmọ mi obìnrin po ike tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi ṣe àwo, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé láti mọ ìgbà tí wọ́n á jẹrà. Èmi rò pé ọ̀tá ló rì wọ́n. Mo hú wọn, mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn. Iṣẹ́ oṣù márùn-ún bàjẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo ní ajá káfíńtà tó múlé tì wá ló hú wọn. Ọmọ mi kó àwo náà lọ bá káfíńtà jà.

Káfíńtà ní, "Ajá tèmi ló mọ ọṣẹ lò báyìí?"

Ọmọ mi padà wálé, ó kó àwo náà sílẹ̀ níwájú mi.

Kí lẹ́tà yìí tó dé, màá ti jẹ́wọ́. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run ò ní dójú tì ọ́ níwájú ọmọ tó o bí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin