Ọ̀rọ̀ Látìn Kan Lábẹ́ Orúkọ Ìyàwó Tíṣà

                                        Ilé Ìgbẹ́kùúta,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Ìsìnkú.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ ti fi àbíkẹ́yìn sílẹ̀? Ara tèmi le, àfi eruku òkúta tó ń mú mi sín.

Tíṣà Látìn tó kọ́ àwa méjèèjì ti dolóògbé. Kí wọ́n tó kú, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí n gbẹ́ orúkọ wọn àti ti ìyàwó wọn sára òkúta kan náà, kí n sì kọ ọ̀rọ̀ Látìn kan, “auditor,” sábẹ́ ti ìyàwó. O mọ̀ pé níbi iṣẹ́ wa, a kì í fi irin kan òkúta láìjẹ́ pé a ka ọ̀rọ̀ náà sókè, kí ẹni tó gbéṣẹ́ wá sì dáhùn. Mo doríkodò, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, Màmá, ìyàwó Tíṣà tó gbéṣẹ́ wá, ò fọhùn. Inú ti ń bí mi díẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí léjìká.

“Gbójú sókè kí n rí ẹnu rẹ. Etí mi ti di láti ọdún mẹ́sàn-án.”

Wọ́n béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní olùgbọ́ ni, ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ ń pe akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó ti olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tún ń pe adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú Màmá yí padà. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Tíṣà ń ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì fún wọn, orí lásán ni wọ́n ń mì, wọn ò sì jẹ́ kí ọkọ wọn mọ̀ pé etí àwọn ti di. Wọn ò fẹ́ irọ́ lórí sàréè.

Èmi kì í dá sọ́rọ̀ tọkọtaya. Mo kàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa náà ò gbọ́ nǹkan kan ní kíláàsì, nítorí Tíṣà máa ń kẹ́yìn sí wa ni, wọ́n á máa bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Rárá o,” ni Màmá wí. “Iwájú mi gan-an ni wọ́n ń gbé àga sí. Wọ́n á tan iná sójú ara wọn, wọ́n á wá máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀...”

Màmá jókòó sórí òkúta kan tí mi ò tíì gé.

“Wọ́n ti mọ̀,” ni Màmá wí.

Wọ́n sunkún, ó sì ká mi lára. Nígbà tí wọ́n nujú tán, wọ́n ní kí n gbẹ́ ẹ, kí n gbẹ́ ẹ kó jìn dáadáa.

Bá mi kí onílé rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ,
Bọ̀dá Olókùúta.